Bí a ṣe ń darí yóógà fún àwọn tó ru ọgbẹ́ ọkàn láàárín àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ilẹ̀ Kánádà

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí wọ́n pè, tàbí tí ó ń retí ìpè, láti darí yóógà ní àwùjọ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ilẹ̀ Kánádà, yálà First Nations, Inuit tàbí Métis. Ó lè jẹ́ olùkọ́ yóógà, ó lè jẹ́ nọ́ọ̀sì, ó sì lè jẹ́ ọmọ ìlú náà tí ó fẹ́ ran àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ́wọ́. Yóógà tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń ṣe fún ìdárayá, nítorí kò ka bí ara ṣe lè tẹ̀ tó sí nǹkan kan. Ohun tí ó ń wá ni pé kí ẹni tí wọ́n ti gba àṣẹ ara rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà kan rí tún lè mọ ohun tí ara náà ń sọ, kí ó sì tún máa pinnu ohun tí yóò fi ara náà ṣe. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí òǹkàwé mú dání jálẹ̀ iṣẹ́ yìí: ṣé ohun tí mo fẹ́ ṣe yìí kò jọ ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ onígbèélé, ibi tí ìjọba ti ń kó ọmọ wọn lọ máa gbé, ṣe fún wọn? Bí ó bá jọ ọ́, ẹ yí i padà, kódà bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé yóógà ṣe ń ṣe é.

Àwọn onímọ̀ ti dán irú yóógà yìí wò. Ní 2014, Bessel van der Kolk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Massachusetts, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé èsì ìwádìí kan jáde lórí obìnrin 64 tí ọgbẹ́ ọkàn wọn ti pẹ́, tí ìtọ́jú mìíràn kò sì tíì yanjú rẹ̀. Àwọn kan ṣe yóógà ní wákàtí kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 10, àwọn yòókù sì gba ẹ̀kọ́ lórí ìlera obìnrin fún iye àkókò kan náà. Nígbà tí ó parí, 16 nínú 31 tí wọ́n ṣe yóógà ni àmì àìsàn náà kò pé lára wọn mọ́ débi tí dókítà yóò fi pè é ní àìsàn; láàárín àwọn yòókù, 6 péré nínú 29 ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ìdí tó pọ̀ tó wà níbẹ̀ láti gbìyànjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ilé ìtọ́jú ní ìlú ńlá kò sọ bí a ṣe ń wọ ìlú tí ìjọba ti kó ọmọ lọ fún ìran mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ olùdarí ti bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ohun tí ojú wọn ti rí

Láti àwọn ọdún 1880 títí di àwọn ọdún 1990, ìjọba Kánádà àti àwọn ìjọ Kristẹni jọ ń darí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kó ọmọ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ lọ máa gbé, kí wọ́n lè yà wọ́n kúrò lọ́dọ̀ òbí wọn, àti kúrò nínú èdè àti àṣà wọn. Àwọn ọmọ tí ó gba ibẹ̀ kọjá lé ní 150,000. Ní 1920, òfin sọ lílọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba bá yàn di dandan fún ọmọ First Nations tí ó wà láàárín ọdún 7 sí 15. Wọ́n gé irun wọn, wọ́n gba aṣọ ara wọn, wọ́n fún ọ̀pọ̀ nínú wọn ní nọ́ńbà dípò orúkọ, wọ́n sì ń nà wọ́n bí wọ́n bá sọ èdè abínibí wọn. Agogo ni ó ń jí wọn, agogo ni ó ń kó wọn lọ jẹun, agogo ni ó sì ń lé wọn lọ sórí ibùsùn tí wọ́n tò ní ìlà nínú gbọ̀ngàn. Ọ̀pọ̀ ni àwọn tó yẹ kó tọ́jú wọn fi ìyà jẹ, tí wọ́n sì fipá bá lò pọ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni kò padà sílé.

Ìgbà kan náà ni òfin ń gbógun ti ìwòsàn tiwọn. Láti 1885 ni wọ́n ti fòfin de potlatch, àpèjọ ńlá tí àwọn ẹ̀yà etíkun ìwọ̀-oòrùn fi ń pín ọrọ̀, tí wọ́n fi ń ṣọ̀fọ̀, tí wọ́n sì fi ń gbé orúkọ fún ọmọ. Ní 1895, wọ́n fẹ òfin náà lójú kí ó lè kan ayẹyẹ àwọn ẹ̀yà pẹ̀tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú. 1951 ni wọ́n tó yọ ọ́ kúrò nínú ìwé òfin. Lẹ́yìn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ kúrò lọ́wọ́ òbí wọn lọ fún àwọn ìdílé aláwọ̀ funfun láti fi ṣe ọmọ, pàápàá láti àwọn ọdún 1960 sí àwọn ọdún 1980. Nítorí náà, ẹni ọgọ́rin ọdún tí ó jókòó níwájú yín lè ti gbé nínú ilé-ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀, ọmọ ọgbọ̀n ọdún tí ó jókòó tì í sì lè jẹ́ ọmọ tí àwọn òbí tí a kò fọwọ́ kàn pẹ̀lú ìfẹ́ rí tọ́ dàgbà. Maria Yellow Horse Brave Heart, onímọ̀ kan láti ẹ̀yà Lakota, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàlàyé bí ìbànújẹ́ tí a kò rí àyè ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ṣe ń ti ọwọ́ ìran kan bọ́ sọ́wọ́ òmíràn. Ẹni tí ó bá ti lóye èyí kò ní máa wo ọ̀dọ́ tí kò lè dúró jẹ́ẹ́ bí ẹni tí kò gbọ́ràn.

Kí ẹ tó débẹ̀, ẹ wádìí ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n kó àwọn ọmọ ìlú yẹn gan-an lọ, ọdún tí wọ́n tì í pa, àti ìjọ tí ó darí rẹ̀. Àwọn àkọsílẹ̀ Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ àti Ìlàjà, tí ó wádìí ọ̀rọ̀ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí, tí Murray Sinclair jẹ́ alága rẹ̀, tí ó sì parí iṣẹ́ rẹ̀ ní 2015, wà fún gbogbo ènìyàn láti kà. Ẹ kà á ní ilé yín. Kò tọ́ kí ẹ lọ sọ àwọn tí ọgbẹ́ náà wà lára wọn di olùkọ́ tí yóò máa tún un sọ fún yín.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ dúró de ìpè, kí ẹ sì mọ ẹni tí ó ń pè yín

Ìrànlọ́wọ́ tí a kò béèrè ni ó kó àwọn ọmọ wọ̀nyẹn lọ. Ẹ má ṣe kó ẹní yóógà wọ ìlú ẹlòmíràn nítorí pé ọkàn yín ń sún yín. Bí ẹ bá ní ohun tí ẹ lè fún wọn, ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ìlera tàbí ìgbìmọ̀ ìlú náà, ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe àti ohun tí ẹ kò mọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wọn jẹ́ ìdáhùn bí wọn kò bá fèsì. Ní àwọn ìlú ńlá, àwọn ilé ìpàdé àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Friendship Centre ni ibi tí ó yẹ láti lọ.

Kì í ṣe ìwà ọmọlúàbí nìkan ni èyí. Ìkejìlélógún nínú àwọn ìpè 94 tí Ìgbìmọ̀ náà gbé jáde ní 2015 béèrè pé kí ètò ìlera Kánádà mọyì ìwòsàn àwọn ọmọ ìbílẹ̀, kí wọ́n sì lò ó pẹ̀lú àwọn oníṣègùn àti àgbààgbà wọn níbi tí aláìsàn bá ti béèrè fún un. Ìkéde Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti 2007 lórí ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ náà fi ẹ̀tọ́ sí ìṣègùn wọn àti àṣẹ lórí ìmọ̀ wọn lé wọn lọ́wọ́, Kánádà sì ṣe òfin ní 2021 láti mú un lò.

Lẹ́yìn ìpè, ẹ béèrè àgbà tí yóò máa jókòó pẹ̀lú yín nínú iṣẹ́ náà. Láàárín ọ̀pọ̀ àwọn Anishinaabe àti Cree, tábà ni a kọ́kọ́ ń gbé fún àgbà kí a tó béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, bí ó bá sì gbà á, ó ti gba ẹ̀bẹ̀ náà nìyẹn. Àṣà yìí kì í ṣe ti gbogbo wọn, kì í sì í ṣe ti Inuit, nítorí náà ẹ bi òṣìṣẹ́ ìlú náà léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wọn. Ẹ fi owó ìmọrírì àgbà sínú ìṣirò owó iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú owó ọkọ̀ àti oúnjẹ rẹ̀, kí ẹ sì san án lọ́jọ́ tí ó bá ṣiṣẹ́ gan-an. Kò bójú mu rárá kí olùkọ́ àlejò gba owó rẹ̀ lọ́gán, kí àgbà onílé sì máa kọ fọ́ọ̀mù fún oṣù méjì.

Ẹ bá wọn wo kàlẹ́ńdà ìlú. Bí àkókò ọdẹ tàbí ìpẹja bá dé, ìlú lè ṣófo. Bí ẹnìkan bá kú, ohun gbogbo lè dúró fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ sún ìpàdé síwájú láìsí ìráhùn kankan.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ má ṣe da tiwọn pọ̀ mọ́ yóógà

Íńdíà ni yóógà ti wá, òun náà sì ní àwọn tí ó ni ín. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, ní gbólóhùn kan, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ẹ ń gbé e wá gẹ́gẹ́ bí ìwòsàn ìbílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi tiwọn sílẹ̀ fún wọn. Fífi èéfín ewé wẹ ara, ìlù, páìpù fífà, àgọ́ ìlàágùn, orin àdúrà: kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó jẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ fún kíláàsì yín. Bí àgbà bá fẹ́ fi èéfín ewé sage tàbí koríko sweetgrass ṣí ìpàdé, òun ni yóò ṣe é, yóò sì sọ ẹni tí ó lè kópa. Láàárín àwọn ẹ̀yà kan, obìnrin tí ó ń ṣe nǹkan oṣù kì í kópa nínú irú ètùtù bẹ́ẹ̀. Àgbà ni ó mọ bí ti ìlú rẹ̀ ṣe rí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí àlejò ń dá sí.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni kí àlejò kó gbogbo wọn pọ̀ bí ẹni pé ènìyàn kan ni wọ́n. Koríko sweetgrass kò jẹ́ ti Inuit. Fìtílà òróró tí wọ́n ń pè ní qulliq ni àwọn obìnrin wọn ń tàn láti ṣí ìpàdé. Àwòrán òbìrípo oníhà mẹ́rin tí àwọn ẹ̀yà pẹ̀tẹ́lẹ̀ ń lò kò sí nínú àṣà gbogbo etíkun. Bí ẹ bá gbé ti ìlú kan lọ sí òmíràn, ẹ ti sọ fún wọn pé ẹ kò rí wọn.

Ewu gidi sì wà nínú kí ẹni tí kò ní àṣẹ máa ṣe ètùtù. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2009, nítòsí Sedona ní Arizona, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ènìyàn mẹ́ta kú lẹ́yìn tí wọ́n wọ àgọ́ ìlàágùn tí oníṣòwò ìmọ̀ràn kan, tí kì í ṣe ọmọ ìbílẹ̀, gbé kalẹ̀ fún àwọn tó sanwó. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ikú wọn ní 2011. Ọdún mẹ́rìndínlógún ṣáájú ikú wọn, ní 1993, ni àwọn Lakota ti kéde gbangba pé àwọn lòdì sí irú òwò bẹ́ẹ̀.

Àwọn ohun ti ẹ̀sìn tí ó wà nínú yóógà náà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ má ṣe pe “Om”, ẹ má ṣe ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ mọ́ àyà kí wọ́n sì sọ “namaste”. Àwọn tí wọ́n ti nà nítorí àdúrà tí kì í ṣe tiwọn kò nílò òmíràn, àwọn tí ó ni ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn kò sì nílò kí a máa fi wọ́n parí eré ìdárayá.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ṣètò yàrá kí ó má bàa jọ ilé-ẹ̀kọ́

Ẹ kọ́kọ́ béèrè nípa ilé fúnra rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni ó sábà máa ń ṣófo jù, òun náà ni ó sì lè burú jù. Ilé ìwòsàn náà kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ibi ìsinmi fún wọn, nítorí ọ̀pọ̀ ìdílé ló rántí àwọn ilé ìwòsàn tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọmọ ìbílẹ̀ nìkan, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí wọ́n sì ń pa ọmọ mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dá ìpinnu yìí ṣe. Blue Quills ní Alberta jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ onígbèélé tí àwọn òbí First Nations wọ̀ ní 1970, tí wọ́n jókòó síbẹ̀ títí ìjọba fi gbà láti fi lé wọn lọ́wọ́. Ó ti di yunifásítì tí àwọn fúnra wọn ń darí. Fún àwọn kan níbẹ̀, ilé náà jẹ́ ibi ìṣẹ́gun. Àwọn ará ìlú ni ó mọ ohun tí ògiri kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí.

Nínú yàrá, ẹ má ṣe tẹ́ ẹní ní ìlà. Ìlà ẹní tí ènìyàn dùbúlẹ̀ lé, tí àgbàlagbà kan ń rìn kọjá láàárín wọn, ni àwòrán gbọ̀ngàn ìsùn ilé-ẹ̀kọ́ náà gan-an. Ẹ ṣe é ní agbo, kí àyè wà láàárín ènìyàn méjì, kí ẹnikẹ́ni má ní ẹlòmíràn lẹ́yìn. Ẹ kó àga tí kò ní apá wá, kí ó tó gbogbo ènìyàn, kí ẹ sì tò wọ́n mọ́ agbo náà pẹ̀lú ẹní, kí ó má bàa dà bíi pé àwọn àìlera nìkan ni ó ń jókòó lórí àga. Ẹ jẹ́ kí ẹni kọ̀ọ̀kan yan àyè rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fẹ̀yìn ti ògiri kí ó sì máa wo ẹnu ọ̀nà mọ ohun tí ó ń ṣe.

Ẹ má ṣe ti ilẹ̀kùn pa ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ fi ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà àti ọ̀nà ìta hàn wọ́n, kí ẹ sì sọ pé ẹnikẹ́ni lè jáde kí ó sì padà wọlé láìtọrọ àṣẹ, nítorí ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, wọ́n ń tọrọ àṣẹ láti tọ̀. Iná gbọ́dọ̀ wà ní títàn. Kò gbọ́dọ̀ sí agogo, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ sí àwo idẹ tí àwọn olùkọ́ yóógà ń lù láti parí ìsinmi. Ohùn ènìyàn tó. Tùràrí kò dára níbí, òórùn ṣọ́ọ̀ṣì ni. Bí dígí ńlá bá wà lára ògiri, ẹ ta aṣọ sí i lójú.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ tún ọ̀rọ̀ ẹnu yín kọ́

Èdè olùkọ́ yóógà kún fún àṣẹ: gbé apá sókè, di ojú rẹ, mí sínú, má ṣe mira. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ dànù. David Emerson, tí ó gbé ìlànà yóógà fún àwọn tó ru ọgbẹ́ ọkàn kalẹ̀ ní Massachusetts, fi ìkésíni àti yíyàn ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀, mo sì gbà pé kò sí ibi tí ìyẹn ti ṣe pàtàkì ju àwùjọ tí wọ́n ti fi ipá pàṣẹ fún lọ. Ẹ lè sọ báyìí: “Bí ó bá wù yín, ẹ lè gbé ọwọ́ kan sókè, tàbí méjèèjì, tàbí kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ lórí itan yín.” Ẹ lè fi kún un pé: “Ẹ lè kíyè sí bóyá ẹ ń gbọ́ nǹkan kan ní èjìká yín. Bí ẹ kò bá gbọ́ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ náà ni.” Kí yíyàn tí ẹ ń fún wọn jẹ́ òótọ́. Bí ẹ bá fún wọn ní ọ̀nà mẹ́ta, tí ojú yín sì ń tàn sí ẹni tí ó yan èyí tí ó le jù, wọ́n ti rí i.

Nítorí náà, ẹ má ṣe yìn wọ́n bí ọmọ iléèwé. Ẹni tí ẹ yìn yóò máa ṣiṣẹ́ fún ìyìn yín, ẹni tí ẹ kò yìn yóò sì rò pé òun ti kùnà. Ẹ má ṣe tún ìdúró ẹnikẹ́ni ṣe. Ẹ má ṣe sọ pé “ẹ fara balẹ̀” tàbí “ẹ gbàgbé gbogbo ìṣòro yín.” Ẹ má ṣe ṣe ìlérí ìwòsàn.

Ní ti ọwọ́, òfin náà kò ní àyídà: ẹ má ṣe fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, kódà bí ó bá ní kí ẹ ṣe é. Ẹni tí kò tíì ní àǹfààní láti sọ “rárá” rí lè máa sọ “bẹ́ẹ̀ ni” nítorí ìbẹ̀rù, ẹ kò sì ní mọ ìyàtọ̀ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ìpàdé fúnra rẹ̀

Ìṣẹ́jú 45 tó. Ẹ kéde àkókò tí yóò parí, kí ẹ sì parí lákòókò náà. Àgbà ni yóò sọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ní èdè ìlú bí ó bá wù ú, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń wo aago mọ́ ọn lójú. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ sọ ohun gbogbo tí ẹ fẹ́ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní ṣókí, kí nǹkan kan má bàa já lu ẹnikẹ́ni.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí àga. Ẹ jọ kíyè sí ẹsẹ̀ lórí ilẹ̀, kí ẹ tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì tú u sílẹ̀. Ẹ fún wọn láǹfààní láti yí ojú káàkiri yàrá kí wọ́n wo fèrèsé, ẹnu ọ̀nà àti ènìyàn. Ojú lílà ni kí ó jẹ́ àṣà; ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ pa á dé lè pa á dé. Lẹ́yìn èyí, èjìká, ọrùn, ọwọ́, ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ dìde lè dìde: dídúró gbọn-in lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, títi ògiri pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́, gbígbé ìwúwo láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì. Mo fẹ́ràn títi ògiri ju ọ̀pọ̀ ìdúró tí ó lókìkí lọ, nítorí ó ń jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ agbára ara rẹ̀, ẹni tí ó wà lórí àga náà sì lè fi ọwọ́ ti itan rẹ̀ kí ó rí ohun kan náà. Ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú wọn láti àyè yín nínú agbo. Olùdarí kì í rìn káàkiri.

Àwọn ìdúró kan wà tí ẹ óò yọ kúrò pátápátá. Kíkúnlẹ̀ ni àkọ́kọ́, nítorí orí eékún ni wọ́n ti jẹ ìyà. Ìdojúbolẹ̀, títẹ̀ síwájú kí ìdí wà lókè, àti ìdúró tí ó ń la ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ nígbà tí ènìyàn dùbúlẹ̀ kò tọ́ fún ara tí wọ́n ti fipá bá lò pọ̀.

Mímí gba ìfarabalẹ̀. Nígbà tí ènìyàn bá ń mí síta, ọkàn-àyà rẹ̀ máa ń rọ ìlù rẹ̀ díẹ̀, nítorí náà ìmísíta tí ó gùn ju ìmísínú lọ lè mú ara wálẹ̀. Ẹ lè pè wọ́n sí i bí ẹni pé wọ́n ń fẹ́ tíì gbígbóná. Ṣùgbọ́n fún àwọn mìíràn, kíkíyèsí èémí nìkan ti tó láti mú ìpayà dé, pàápàá ẹni tí wọ́n ti fún lọ́rùn tàbí bo lẹ́nu rí. Ẹ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ohun mìíràn láti kíyè sí lẹ́ẹ̀kan náà: ẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́, ìró ìta. Ẹ má ṣe ní kí wọ́n di èémí mú, ẹ má sì ṣe kà fún wọn.

Ìsinmi ìgbẹ̀yìn, tí ilé yóógà sábà máa ń ṣe pẹ̀lú dídùbúlẹ̀ nínú òkùnkùn, ni ó lè ṣe ìpalára jù. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ta péré sí i. Wọ́n lè jókòó, wọ́n lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n lè fi aṣọ bo ara wọn, wọ́n lè jáde lọ síta wo igi tàbí omi. Ẹ sọ fún wọn nígbà tí ó bá ku ìṣẹ́jú kan.

Ìgbésẹ̀ keje: Bí ìpayà bá dé

Ẹni tí ìpayà mú lè máa mí kíákíá, ó lè wárìrì, ó sì lè sá jáde. Àwọn mìíràn kò ní ṣe ariwo kankan: ojú wọn á dúró sójú kan, ara wọn á le, bí ẹ bá pè wọ́n wọn kò ní dáhùn. Irú kejì yìí ni àwọn olùdarí kì í tètè rí, tí wọ́n tilẹ̀ ń rò pé ìsinmi ti wọ̀ ọ́ lára.

Ẹ má ṣe sáré lọ bá a, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án, ẹ má sì ṣe lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Láti àyè yín, ní ohùn jẹ́ẹ́, ẹ pe orúkọ tí ó fẹ́ kí wọ́n máa pe òun, ẹ sọ ọjọ́ tí òní jẹ́ àti ibi tí ẹ wà, kí ẹ sì pè é láti wo ohun kan nínú yàrá tàbí láti tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Omi tútù nínú ife ń ràn lọ́wọ́. Ẹni kejì, tí ó jẹ́ ọmọ ìlú tí wọ́n mọ̀, gbọ́dọ̀ wà ní gbogbo ìpàdé fún èyí. Bí ẹni náà bá jáde, òun ni yóò tẹ̀lé e, yóò sì dúró ní ìwọ̀n tí ẹni náà fẹ́. Fún àwọn yòókù, ẹ sọ pé wọ́n lè dúró tàbí kí wọ́n máa bá ìṣípòpadà ọwọ́ lọ. Ẹ má ṣe bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tí ó rántí. Kì í ṣe ibi ìjẹ́wọ́ ni yàrá yìí.

Ẹkún yàtọ̀ sí ìpayà. Ní àwọn ìpàdé tí Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ àti Ìlàjà ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè, wọ́n kó bébà tí àwọn ènìyàn fi nu omijé jọ sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fi sínú iná mímọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó ń sunkún sunkún, kí àgbà sì pinnu ohun tí ó kàn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Lẹ́yìn tí ìpàdé bá parí

Ẹ má ṣe tú wọn ká lójijì. Tíì àti oúnjẹ díẹ̀, pẹ̀lú wákàtí kan tí kò ní ètò kankan, ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ bíi ti yóógà fúnra rẹ̀. Ẹ lẹ àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí mọ́ ògiri, kí ẹ sì tún fi wọ́n sínú bébà kékeré tí ènìyàn lè mú lọ láìsí ẹni tí ó rí i: Hope for Wellness, 1-855-242-3310, tí ó wà fún gbogbo ọmọ ìbílẹ̀ ní Kánádà tọ̀sán-tòru, ìlà ìrànlọ́wọ́ fún àwọn tí ó la ilé-ẹ̀kọ́ onígbèélé já àti ìdílé wọn, 1-866-925-4419, àti 988 fún ẹni tí èrò pípa ara rẹ̀ bá ń dà láàmú. Nọ́ńbà òṣìṣẹ́ ìlera ìlú náà ni kí ó wà lókè gbogbo wọn, bí wọ́n bá ní ọ̀kan.

Bí iṣẹ́ náà bá nílò ìjábọ̀, ẹ rántí pé láti 1998 ni First Nations ti ní ìlànà OCAP, tí ó sọ pé àwọn ni ó ni ìsọfúnni nípa ara wọn, tí wọ́n sì ń darí rẹ̀. Kò sí fọ́tò. Kò sí orúkọ. Ohun tí ẹ bá kọ, ìgbìmọ̀ ìlú ni yóò kọ́kọ́ kà á, àwọn ni yóò sì sọ bóyá ó lè jáde.

Láti oṣù àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti béèrè ọmọ ìlú méjì tàbí mẹ́ta tí ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, kí ẹ sì fi owó ìdálẹ́kọ̀ọ́ wọn sínú ìwé owó náà. Kí wọ́n kọ́kọ́ darí ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́yìn náà ìdajì ìpàdé, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀, kí ẹ̀yin sì jókòó nínú agbo bí ẹnikẹ́ni mìíràn. Wọ́n lè yí ètò náà padà: wọ́n lè gbé e lọ sí etí odò, wọ́n lè fi ijó tiwọn rọ́pò ìdajì rẹ̀, wọ́n lè pinnu pé ìlù àti àgọ́ tiwọn ti tó àwọn, pé àwọn kò fẹ́ yóógà mọ́. Ẹ fi àwọn ẹní àti àga sílẹ̀ fún wọn, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ óò lọ sínú ìwé àdéhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.